Ẹni Tó Dúró ní Igun Àwòrán

Bàbá ní òun ò ní fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ àfi bí òun bá rí àwòrán àwọn ọmọ òun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbi kan náà. Èèyàn méjì péré ni ilé ìwòsàn ń jẹ́ kó wọlé kí aláìsàn. Dókítà sì ti sọ pé iṣẹ́ abẹ náà ò gbọdọ̀ kọjá ọ̀la.

Lọ́sàn-án ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ ayàwòrán: àkọ́bí obìnrin, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, àti ẹni kẹta tó fa fìlà bo iwájú orí.

Ayàwòrán de lẹ́ǹsì ńlá kan mọ́ kámẹ́rà. “Èyí ń mu ìmọ́lẹ̀ bí iyanrìn ṣe ń mu omi. Ṣùgbọ́n màá pa ihò rẹ̀ dé díẹ̀. Tí mo bá ṣí i tán, àárín nìkan ló máa mọ́. Igun á ṣókùnkùn, ẹni tó bá dúró sẹ́yìn á sì rí bàìbàì.”

“Ẹ ṣí i tán,” ni àkọ́bí wí.

“Àǹtí, àbíkẹ́yìn yín ńkọ́?”

“Ó ti rù. Bí Bàbá bá rí i báyìí, ọkàn wọn ò ní balẹ̀.”

Ayàwòrán wo onífìlà. “Ó rù kẹ̀? Ẹ̀wù tó fún un, tó ń bá a jà léjìká yìí?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

“Bọ́ sí igun yẹn,” ni àkọ́bí sọ fún onífìlà. “Sún mọ́ ògiri.”

“Ó ti yé mi, mà.”

“Ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́!” ni ayàwòrán wí. “Àbúrò tèmi, orúkọ ló ń là mọ́ mi lórí.” Ó tẹ ojú mọ́ kámẹ́rà, ó tún gbé e kúrò. “Àǹtí, ojú yín wú o. Ṣé ká sinmi díẹ̀?”

“Ẹ tẹ kámẹ́rà yín, ẹ jọ̀ọ́.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àwòrán jáde, ojú àwọn méjì tó wà láàárín mọ́ débi pé èèyàn lè ka irun ìpéǹpéjú wọn. Ní igun, fìlà ni, ẹ̀wù ni, ojú dà bí èéfín. Ìtìjú ò jẹ́ kí ayàwòrán lu òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sẹ́yìn àwòrán náà.

Àwọn ẹ̀gbọ́n méjèèjì ló gbé e wọ yàrá Bàbá. Bàbá gbé àwòrán náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó gba bírò, ó sì fọwọ́ sí ìwé.

“Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá yín dúró,” ló wí, “kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ sin àbúrò yín sí fún mi, kí wọ́n tó wá gbé mi.”