Alága Tí Kò Lè Sọ Pé Ó Tó

Ní ìlú Òkè-Ọ̀pẹ, níbi tí ọ̀nà márosẹ̀ ti gba iwájú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọjá, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Mojírọ́lá. Aránṣọ ni, ara rẹ̀ sì balẹ̀ débi pé àwọn òbí ọmọ ilé-ìwé náà fi í ṣe alága ẹgbẹ́ wọn. Ìwà tútù rẹ̀ dára, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun. Bí èèyàn bá ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ohun tó wà nílẹ̀, Mojírọ́lá á máa mi orí, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, títí onítọ̀hún á fi sọ ọ́ tẹ́rùn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jẹ wọ́n lógún lọ́dún náà. Àwọn lọ́rì tó ń kó gẹdú máa ń sá eré àsápajúdé kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ kéékèèké ń gbà sọdá. Wọ́n fẹ́ kí òbí méjì máa dúró síbẹ̀ lójoojúmọ́ láti dá ọkọ̀ dúró.

Ìpàdé mẹ́ta ni wọ́n ṣe, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì túká láìsí ìpinnu. Bí wọ́n bá ti jókòó, Bàbá Arúlógun tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè á dìde, á bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn bí ilé-ìwé ṣe rí láyé ìgbà tiwọn. Ibẹ̀ ni ẹlòmíì á ti mú ọ̀rọ̀ àwọ̀ yunifọ́ọ̀mù wọlé, ẹnìkan á ní tísà kan na ọmọ òun, ariwo á sọ. Mojírọ́lá á kàn máa wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀ọ́," tí ẹni tó jókòó tì í pàápàá kò ní gbọ́ dáadáa.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìpàdé kẹta, lọ́rì kan gbá Àríkẹ́, ọmọ ọdún méje, bó ṣe ń sọdá. Orí kó o yọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kán. Mojírọ́lá sáré lọ sílé ìwòsàn. Ó bá Tinúọlá, ìyá ọmọ náà, níbi tó ti ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i lára. Ó ń retí èébú, ṣùgbọ́n Tinúọlá kò bú u.

"Ìyá alága," ó ní, "mo wá sí ìpàdé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo rò pé ẹ máa sọ fún wọn pé ó tó."

Nígbà tí Mojírọ́lá délé, kò lè fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà kankan. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, omi ń dà lójú rẹ̀. Ìgbà tó sunkún tán, ó nu ojú nù, ó sì pe ìpàdé mìíràn fún ọjọ́ Sátidé.

Lọ́jọ́ náà, òun ló kọ́kọ́ dé kíláàsì tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó: TA NI YÓÒ DÚRÓ LẸ́NU Ọ̀NÀ? Ó gbé aago sórí tábìlì. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, ó dìde.

"Ohun tó wà lára pátákó yìí nìkan la máa sọ lónìí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta ni kálukú ní."

Bàbá Arúlógun dìde. "Láyé ìgbà tiwa..." Ìṣẹ́jú mẹ́ta pé, ìtàn ò tíì fẹ́ parí. Mojírọ́lá lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Àsìkò yín ti pé."

"Èmi lò ń bá sọ bẹ́ẹ̀? Èmi tí mo ju bàbá rẹ lọ?"

"Ẹ jù ú lọ, sà. Tó bá dalẹ́, màá wá sílé yín, kí ẹ bá mi wí tẹ́rùn. Ṣùgbọ́n Àríkẹ́ ṣì wà lórí ibùsùn. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú."

Bàbá mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde. Gbogbo ara Mojírọ́lá ló ń sọ fún un pé kó sáré tẹ̀ lé e. Kò lọ. Ó dìde, ó kọjú sí àwọn yòókù. "Ta ló máa mú ọjọ́ Ajé?"

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ orúkọ ara rẹ̀. Ìgbà náà ni ẹnìkan nawọ́, tí ẹlòmíì nawọ́. Ọkùnrin kan ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí yunifọ́ọ̀mù.

"Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìpàdé tó ń bọ̀, sà. Ọjọ́ wo lẹ máa dúró?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó mú Ọjọ́rú. Kí wákàtí kan tó pé, orúkọ òbí méjì méjì ti kún títí dé ọjọ́ Ẹtì.

Bàbá Arúlógun kò dá Mojírọ́lá lóhùn fún oṣù méjì gbáko. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ kúnlẹ̀ nílé rẹ̀ tí bàbá kẹ̀yìn sí i. Ó dùn ún gan-an. Lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá ní kó jókòó, ó sì béèrè àlàáfíà Àríkẹ́. Láti ìgbà tí àwọn òbí ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ̀ kankan kò tún gbá ọmọ níwájú ilé-ìwé yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí. Ìwà tútù dára, ọ̀wọ̀ fún àgbà sì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá fi ṣe olórí kò gbọdọ̀ torí pé kò fẹ́ kí wọ́n bínú sí òun, kó wá pa iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tì. Bí ó bá yẹ kẹ́ ẹ sọ pé ó tó, ẹ lè kúnlẹ̀ sọ ọ́, ẹ lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ kó tó pẹ́ jù.