Ògiri Tó Ń Làágùn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kẹ́ ẹ sá lọ. Ẹ kà á tán. Àárín ni ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ka tirẹ̀ dé.

1.
Bíríkìlà ni, ògiri rírẹ́ ló yàn láàyò. Dán-bí-Dígí ni wọ́n ń pè é, torí ògiri tó bá rẹ́, eṣinṣin á yọ̀ ṣubú lára ẹ̀. Bó bá wọlé èèyàn, kó tó kí onílé, á ti fi ìka kan ògiri: kó, kó, kó. Ó ní kò sí ihò tó lè sá pamọ́ fún ìka òun.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò rẹ̀ obìnrin bímọ, ó nílò ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbọ́n sáré lọ, ṣùgbọ́n wọn ò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fún un ní ìwé pé kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó fìka kan ìhà ara rẹ̀. Kò dùn ún.

"Èmi tí mò ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì lẹ́ẹ̀kan náà?"

Pálọ̀ ilé rẹ̀ ló ń rẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ká ìwé náà, ó tì í sínú ihò kan lára ògiri, ó fi sìmẹ́ǹtì dí i pa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́."

Bí aláǹgbá bá ti wà nínú ẹ̀ kó tó dí i ńkọ́?

2.
Lọ́dún kejì, ojú ibẹ̀ rin. Kì í ṣe ìgbà òjò, omi ẹ̀rọ ò sì gbabẹ̀ kọjá.

"Bàbá ọmọ mi, ògiri wa ń làágùn o," ìyàwó rẹ̀ wí.

"Sìmẹ́ǹtì burúkú ni."

Ó ha ojú ògiri kúrò, kò jẹ́ kọ́wọ́ òun dé ibi tí ìwé wà, ó tún un rẹ́. Ó tún rin, ó tún fẹ̀ sí i. Bó ṣe ń lẹ̀ ẹ́ ló ń yọ, títí ògiri fi wú, tó le bí òkúta. Ìyàwó rẹ̀ búra pé lọ́sàn-án gangan, bóun nìkan bá jókòó sí pálọ̀, òun ń gbọ́ ọ láti inú ògiri: kó, kó, kó. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

3.
Lọ́dún keje, ojú ọkùnrin náà pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, ikùn rẹ̀ yọ gbẹ̀ǹdù. Ìyàwó rẹ̀ wọ́ ọ lọ sílé ìwòsàn. Dókítà obìnrin kan dá a dùbúlẹ̀, ó fi ìka kan ikùn rẹ̀: kó, kó, kó. Ọkùnrin náà di ojú. Ó mọ ìró yẹn.

Dókítà fi àwòrán ẹ̀dọ̀ rẹ̀ hàn wọ́n. Ìyàwó fi ariwo ta.

"Ibi tó ń rin lára ògiri wa nìyí! Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí!"

"Ẹ gbọ́, sà," dókítà wí. "Àwọn sẹ́ẹ̀lì wíńníwínní ló para pọ̀ di ẹ̀dọ̀. Bí ara yín ṣe ń bá kòkòrò yẹn jà nínú wọn, wọ́n ń kú. Èyí tó bá sì kú kì í kú jẹ́ẹ́. Á ké sáwọn tó wà nítòsí, wọ́n á wá fi àpá dí ihò ẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń kú, ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́. Àpá kì í ṣe ẹ̀dọ̀, sà. Kò lè ṣiṣẹ́ ẹ̀dọ̀."

"Ṣùgbọ́n kò dùn mí."

"Ẹ̀dọ̀ kì í tètè pariwo. Ṣé ẹnikẹ́ni ò sọ fún yín rí ni?"

Ọkùnrin náà kọjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ń sunkún. "Lọ fọ́ ògiri yẹn. Ìwé kan wà níbẹ̀."

4.
Òòlù ló fi fọ́ ọ. Gbogbo ògiri rin gbindingbindin, àmọ́ ìwé gbẹ fúrúfúrú. Ó ka apá ìsàlẹ̀, ibi tọ́kọ rẹ̀ ò kà dé: "Oògùn wà tó lè dá a dúró. Tètè padà wá. Mú ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ wá fún àyẹ̀wò àti abẹ́rẹ́ àjẹsára."

Kó tó padà dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́, ọkọ rẹ̀ ti jáde láyé.

Ó kó àwọn ọmọ lọ fún àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ náà. Ihò ṣì wà lára ògiri dòní. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dí i.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Bí wọ́n bá fún ọ níwèé, kà á tán, kó o sì padà lọ. Má sọ pé kò dùn ọ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.