Orúkọ Tí Ìkúnayọ̀ Sọ Ajá Rẹ̀

Ọjọ́ kẹta rèé tí Ìkúnayọ̀ ti ń wá orúkọ fún abo ajá funfun tó rà ní Deco Road.

"Mummy, call am Bella na," Peculiar ọmọ rẹ̀ sọ.

"Bella tí gbogbo ajá Warri ń jẹ́? Orúkọ òṣèré ayé àtijọ́ ni mo fẹ́. Èyí tí mo lè máa fi gbogbo ẹnu pè, tí ẹnikẹ́ni ò ní bá mi wí."

Ó ti ní òun ò fẹ́ Sófíà. Ó ti ní òun ò fẹ́ Gírétà.

"Mẹ́rílìn!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mẹ́rílìn ni!"

"Mummy, abeg. No do am."

"Ṣé ìwọ lo ra ajá fún mi ni?"

Ó gbé abọ́ eegun sílẹ̀, ó lọgun: "Mẹ́rílìn! Wá jẹun! Jókòó síbẹ̀!"

Ajá ò mira.

Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ló ṣí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni, tí iyè rẹ̀ ti ń rá láti èṣí. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi pàṣẹ fún Ìkúnayọ̀, "Màmá" nìkan ni Ìkúnayọ̀ sì ń pè é, torí ìyàwó kì í pe ìyá ọkọ lórúkọ.

Màmá jókòó ti abọ́ náà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti pè mí lórúkọ mi. O ṣé, ìyàwó mi."

Ìkúnayọ̀ fi ẹsẹ̀ sún abọ́ eegun náà mọ́ Màmá.