Omi Tó Bojú Wẹ̀yìn

Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Oyèwùmí àti Ìyàndá àbúrò rẹ̀ gbẹ́ adágún sórí òkè, wọ́n da màlúù sínú rẹ̀ kí pátákò wọn tẹ amọ̀ ìsàlẹ̀ le, kí omi òjò má baà jò. Wọ́n wá ri páìpù oníke títóbi kan láti ibẹ̀ dé ọpọ́n tí ẹran ń mu, kí omi máa fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí wọ́n ṣí i. Omi dà díẹ̀, ó dúró. Lẹ́yìn náà, èyí tó wà nínú ọpọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà wọ páìpù, ó ń dún bí ẹni ń fa ẹ̀kọ gbígbóná mu. Àwọn màlúù, abìwo-bí-òṣùpá, ọrọ̀ tí ń jẹ koríko, fà sẹ́yìn tòùngbẹ-tòùngbẹ.

“Ọ̀pọ̀lọ́ ló dí i,” Oyèwùmí wí. “Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, àbí kí n pe ìyàwó rẹ wá bá ọ kì í?”

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pọ̀lọ́ wo ló ń fa omi gòkè?”

“Bí ẹran wọ̀nyí ò bá mu lálẹ́ yìí, òkú wọn la ó bá.”

Ìyàndá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. “Ó dì mí mú! Ẹ gbà mí!” Ohun náà fà á títí egungun èjìká rẹ̀ fi dún.

Oyèwùmí pe Jésù, ó fi àdá ṣá páìpù náà lókè ibi tí ọwọ́ àbúrò rẹ̀ dé, ó tún un ṣá. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde, ó kún ọpọ́n. Ọwọ́ Ìyàndá yọ jáde láìní ọgbẹ́. Àwọn màlúù sáré wá, wọ́n ń mu ẹ̀jẹ̀ náà.

Olúwa, dákun. Lórí òkè, nǹkan kan dìde nínú adágún, ó ké, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀.