Nakumbuka

Ní agogo méje, ẹ̀rọ ara ògiri béèrè ní èdè Sùwàhílì bí ó ti máa ń ṣe: "Unakumbuka?" Ṣé o rántí?

Bí opó kò bá dáhùn "Nakumbuka," mo rántí, kí ẹ̀rọ tó ka ení dé ẹ̀wá, ní àárọ̀ mẹ́ta léraléra, wọn yóò pa ohùn ọkọ rẹ̀ rẹ́. Ìkíni ti jẹ àárọ̀ méjì mọ́ ìyá mi lọ́wọ́.

Ó tún kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"Màámi, ẹ̀rọ ni! Ẹ dáhùn!"

"Ṣé ewúrẹ́ ni mí, tí n ò ní kí ará ilé?"

Ẹ̀rọ ti ka ẹ̀sán. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Nakumbuka," ni ó wí, omi lójú rẹ̀.

Ohùn bàbá mi jáde láti ara ògiri, bí ó ti gbà á sílẹ̀ lórí àìsàn: "Àwẹ̀ró, ìkíni dà?"