Ẹ̀rọ Ìfọ̀dí

Aránṣọ kan tún fi sípánà fún ẹnu páìpù ẹ̀rọ ìfọ̀dí tuntun tó ń so mọ́ ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, omi ṣì fọ́n sí i lójú.

Bàbá rẹ̀ fara ti ọ̀pá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. “Èló lo rà á?”

“Ó máa dín ìnáwó kù, Bàbá. Ṣé ẹ ò rí bí tíṣù ṣe wọ́n ni?”

“Omi ńkọ́, ọ̀fẹ́ ni? Ìwọ tó jẹ́ aṣọ lo mọ̀ ọ́n rán, o wá di púlọ́ńbà.”

Láti ìgbà tí àìsàn ti pa ọwọ́ òsì bàbá, aránṣọ ló ń nùdí fún un, torí bàbá ti búra pé ọwọ́ tí òun fi ń jẹun kò ní débẹ̀ láéláé. Ojú wá ń ti bàbá débi pé síbí mẹ́ta péré ló ń jẹ lójúmọ́, kó má baà yàgbẹ́. Ó ti rù kan eegun.

Omi tó ń fọ́n náà dá. Aránṣọ kúnlẹ̀ sínú omi tó dà sílẹ̀. “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn dán an wò. Ẹ kàn máa yí ẹnu rẹ̀ ni, omi á fọ ìdí yín, ọwọ́ yín ò ní débẹ̀.”

Aránṣọ bọ́ síta, bàbá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ kí omi tó dún. Aránṣọ kan ilẹ̀kùn.

“Bàbá, ṣé kò sí?”

“Irọ́ lo pa fún mi. Nǹkan yìí ò lè dín ìnáwó kankan kù nílé yìí.”

Ilẹ̀kùn ṣí.

“Owó oúnjẹ tí mo máa jẹ báyìí á ju owó tíṣù lọ,” ni bàbá wí. “Kí lo sè?”