Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dìde

Bí dùùrù ṣe kọ ìlà kìíní tán báyìí, olórí akọrin ìjọ gbéra nílẹ̀ fùú, bó ti máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbàgbé pé gbọ̀ngàn orin àwọn ọ̀mọ̀wé ni òun wà, àti pé bàbá àfẹ́sọ́nà òun, tí kò tíì gbà láti fi ọmọ rẹ̀ fún òun fẹ́, ni òun mú wá gbafẹ́.

"Jókòó, jàre!" ni bàbá wí.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, gbogbo gbọ̀ngàn bá dìde. Olùdarí orin tó wà níwájú bojú wẹ̀yìn, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó dìde fún mi rí!"

Ó tẹrí ba títí, ó sì kó àwọn eléré rẹ̀ wọlé. Orin parí síbẹ̀.

Olórí akọrin káwọ́ lérí. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ ò tíì gbádùn nǹkan kan."

Bàbá ti dé fìlà. "Mi ò fẹ́ràn irú orin yìí rárá, wọ́n sì ní ilẹ̀ á ṣú bá wa níbí. Ìwọ kàn dìde, gbogbo rẹ̀ dákẹ́." Ó gbá a mọ́ra. "Àna mi, ọjọ́ wo ni ìgbéyàwó?"